Iṣẹ́ Tó Sùn Mọ́jú

Okùn kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, tí mo so láti ojú fèrèsé dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí mo sì kó pégì tí a fi ń sá aṣọ sí lára. Gbogbo iṣẹ́ tí mo bá ṣe tán lórí kọ̀ǹpútà, ìbáà jẹ́ káàdì ìgbéyàwó tàbí pátákó ilé oògùn, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán, mo ń fi pégì há a mọ́ okùn náà, mo ń ti ilẹ̀kùn, mo sì ń lọ sílé. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún wò ó. Bí ó bá ṣì tẹ́ mi lọ́rùn ní òwúrọ̀, mo fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo tún jókòó tì í. Ọdún 9 rèé tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti sọ mí lórúkọ ní àdúgbò, nítorí pé àwọn tó ń ta bébà àti íǹkì ní iwájú mi kì í pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí mọ́, "Ó-di-ọ̀la" ni wọ́n ń pè mí. Ìyá kan tí wọ́n ń ta oúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ wa rí okùn náà nígbà kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀gẹ́ ni ìwé ni, tí o fi ń rẹ ẹ́ mọ́jú?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ̀gẹ́ tí kò rẹ dáadáa máa ń fi inú ènìyàn ṣe."

N kò kọ́ ìwà yìí ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù yóò jẹ́rìí sí i pé ìyára ni mo fi ń polówó ara mi, tí mo tilẹ̀ kọ ọ́ sára ògiri ìta pé "Ẹ dúró gbà á." Oníbàárà yóò ra omi inú ọ̀rá kan, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó sì tó mu omi náà tán, káàdì rẹ̀ ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo gbà nígbà náà pé kò sí dìsáínà tó mọ iṣẹ́ jù mí lọ láti Mọ́fẹ́à títí dé Sábó, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí mo mọ̀ kò ju bí a ṣe ń pààrọ̀ fọ́tò àti orúkọ sínú àwòrán tí a ti ṣe sílẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, ìdílé kan tí ìyá wọn dolóògbé wá bá mi. Àìsùn di Ọjọ́bọ̀, ìsìnkú di ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n fẹ́ fúlẹ́ksì 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, wọ́n sì fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú 300. Akọ́bí wọn yan irú lẹ́tà kan tó rí bí ẹni fi gègé kọ ọ́, ó ní irú rẹ̀ ni ìyá òun ì bá fẹ́ràn. Lẹ́tà náà wuyì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn rárá: kò ní àmì ohùn, kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà. Dípò kí n sọ fún wọn pé kí a mú òmíràn, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà láìní àmì, mo sì ń fi ọwọ́ ya àwọn àmì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ya àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé orí lẹ́tà I. Nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, tí wọ́n ti mú iná lọ, tí epo inú jẹnẹrétọ̀ sì ń tán lọ, mo ṣe àdàkọ àmì yẹn gan-an, mo gbé e lé orí A. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ÌYÁ WA TI LỌ SINMI di ÌYÀ WA TI LỌ SINMI.

Kò sí ẹni tó rí i nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi kò rí i, ọmọ ìdílé tó wá gbé e kò rí i, ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ kò rí i. Ní alẹ́ àìsùn, nígbà tí àwọn àlejò ti jókòó tán, bàbá àgbà kan, tí wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ rí tí wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì, gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n sì ka fúlẹ́ksì náà sókè pẹ̀lú irú ohùn tí wọ́n fi ń kàwé fún àwọn ọmọ kíláàsì wọn láyé ọjọ́sí. Wọ́n kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé àwọn kan fi aṣọ bo ẹnu. Akọ́bí náà pè mí lórí fóònù lóru yẹn, kò pariwo, kò bú mi, àìpariwo rẹ̀ yẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Àbúrò, ṣé ìyà ni ìyá wa fi jẹ wá ni?" Mo tún fúlẹ́ksì àti ìwé ètò tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n etí tó ti gbọ́ ti gbọ́ ná.

Ó pẹ́ tí mo ń bi ara mi léèrè bí ojú mi ṣe fo àmì kan tí gígùn rẹ̀ lórí fúlẹ́ksì tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà ju ìgbà 20 lọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ibi tí mo fẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tì ni pé wíwò tí mo ń wò ó láìsinmi yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n rí i, nítorí pé ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ kì í ka ohun tó kọ, ohun tó ní lọ́kàn láti kọ ló máa ń kà. Bí ó bá jẹ́ pé mo ti lọ sùn, tí mo jí, tí mo mu ẹ̀kọ mi, tí mo sì ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ǹ bá ti kà á bí bàbá àgbà yẹn ṣe kà á. Èyí ni mo ní lọ́kàn nígbà tí mo bá sọ pé iṣẹ́ ọnà fẹ́ ìfarabalẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì yá títí di òní, n kò sì rí ìdí tí ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ máa wọ́. Ojú ló nílò ìsinmi. Ó yẹ kí alẹ́ kan wà láàárín ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà àti ẹni tó fẹ́ gbà pé ó ti parí, àní bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àmì, nítorí pé ibẹ̀ ni dìsáínà tó ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ ti ń kọ́ sùúrù, bó fẹ́ bó kọ̀. Nínú ìlànà Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà àti fóònù ayé fi ń kọ̀wé, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀, á àti è náà sì ní tiwọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì lórí tó tún ní àmì lábẹ́, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a lè fi pè é. A óò kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà, a óò sì tẹ àmì tẹ̀lé e, fọ́ńtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a yàn, ni yóò wá pinnu ibi tí àmì náà yóò jókòó sí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ńtì bá ti rò ó tẹ́lẹ̀, àmì yóò jókòó sí àárín gbùngbùn orí lẹ́tà bí gèlè tí a wé dáadáa. Bí kò bá rò ó, àmì yóò yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yóò fò lé lẹ́tà kejì lórí, tàbí kí a rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kó wà. Mo ní gbólóhùn kan tí mo fi ń dán fọ́ńtì wò, "Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ ẹ̀kọ ọ̀sán," kò ní ìtumọ̀ pàtàkì kan, ṣùgbọ́n fọ́ńtì tí kò bá lè kọ ọ́ kò ní wọ inú kọ̀ǹpútà mi mọ́, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Iṣẹ́ tó ń gba àkókò ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé mo lo odindi ọ̀sán kan lórí irú lẹ́tà tí màá fi kọ orúkọ ọkọ àti ìyàwó, tí mo sì padà sí èyí tí mo kọ́kọ́ mú.

Wàhálà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, wọ́n ṣì ń wá bí lẹ́tà Òyìnbó yóò ṣe gbé ohùn wa láìdà á nù. Ní 1859, nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì Òyìnbó, dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́tà onírin kéékèèké ni wọ́n ń fi ọwọ́ tò lọ́kọ̀ọ̀kan, lódìlódì, kí wọ́n tó fi íǹkì kùn ún kí wọ́n sì tẹ bébà mọ́ ọn. Ẹni tó ń to lẹ́tà lódì gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mú kó tó gbé e sílẹ̀. Èmi tí mo lè pa gbogbo ojú ìwé rẹ́ kí n sì tún un dá láàárín ìṣẹ́jú kan, ìrọ̀rùn yẹn ti jẹ́ kí n gbàgbé pé gbogbo lẹ́tà ló ní ìwúwo. Èdè wa tilẹ̀ ti fi ìkìlọ̀ sínú orúkọ iṣẹ́ wa: bí àmì kan bá yẹ̀, iṣẹ́ ọnà di iṣẹ́ ọ̀nà, a óò sì máa wá dìsáínà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń da ọ̀dà sí títì.

Ìdádúró kejì máa ń wáyé kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, òun sì ni àwọn oníbàárà kì í fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ wọn ti ya àwòrán náà tán nínú ọkàn wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọwọ́ tí yóò bá wọn gbé e jáde. Ìyá kan tí wọ́n ń ta epo pupa wá ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn pé kí n ṣe fúlẹ́ksì fún àwọn.

Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ta ni ẹ fẹ́ kó ka pátákó yìí?"

"Gbogbo ayé ni, ọmọ mi. Fi fọ́tò mi sí i, fi ti ọkọ mi sí i, fi kẹ́ẹ̀gì epo sí i, fi igi ọ̀pẹ sí i, kí o sì kọ ọ́ pé a ń ta èlùbọ́, a ń ta gaàrí, a ń gbé ìjókòó àti kúlà háyà, kí o wá kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìsàlẹ̀."

"Níbo ni ẹ fẹ́ gbé e kọ́?"

"Etí títì níbí ni."

"Ẹ má bínú, Mà, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ dúró níbẹ̀ ná."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi àkókò wọn ṣòfò, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀lé mi. A dúró sí etí títì, mo ní kí wọ́n máa ka ení, èjì, láti ìgbà tí ọ̀kadà bá yọ sí wa títí tí yóò fi kọjá. Wọn kò ka ọ̀kan tó dé àrún. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wo àwọn pátákó tó ti wà níbẹ̀, èyí tó kún fún ojú àti ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi, kọ EPO. Kọ nọ́ńbà mi kan. Ó tó." Ǹ bá lo wákàtí 3 nínú ṣọ́ọ̀bù, n kò ní lè fi ẹnu ṣàlàyé ohun tí ìṣẹ́jú 10 lẹ́bàá títì fi yé wọn. Àwọn àgbà tó ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, bóyá ti pátákó ìpolówó kọ́ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n n kò mọ ìmọ̀ràn mìíràn tó bá iṣẹ́ wa mu tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bébà tó bá kúrò lórí okùn mi tún máa ń lọ sórí ògiri tó wà ní òdìkejì òpópónà, kí n lè ti ẹnu ọ̀nà mi wò ó.

Àwọn kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí di ẹgbẹ́. Ní 1986, nígbà tí McDonald's ń mú ilé oúnjẹ wá sí àárín ìlú Róòmù, Carlo Petrini, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn, láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Slow Food ti yọ jáde, tí wọ́n ń sọ pé oúnjẹ tó dára kò ṣeé kánjú sè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn dìsáínà kan mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú iṣẹ́ tiwọn. Mo ti ka díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ, mo sì fara mọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ó máa ń dún létí mi bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ti jẹun yó. Ẹni tó lè sọ fún oníbàárà pé kó padà wá ní oṣù tó ń bọ̀ kò mọ bí ó ti rí kí owó ṣọ́ọ̀bù pé kí iṣẹ́ 2 péré sì wà nílẹ̀.

Ìtàn òkè òkun tí mo fẹ́ràn jù ni ti Milton Glaser, ọkùnrin tó ya àmì I ♥ NY fún ìpínlẹ̀ New York. Àwọn ọ̀dọ́ dìsáínà fẹ́ràn láti máa sọ pé inú takisí ló ti yà á ní 1976, pẹ̀lú kíréyọ̀n pupa lórí àpò lẹ́tà, bíi pé ìṣẹ́jú kan péré ni iṣẹ́ náà gbà. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ó ti fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún àwọn tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, wọ́n sì ti gbà á. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó wọ takisí. Iṣẹ́ tirẹ̀ ti sùn ju alẹ́ kan lọ, ó sì jí sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ará Ifẹ̀ máa lọ sí New York kó tó rí ẹ̀kọ́ yìí. Abẹ́ ẹsẹ̀ wa ló wà. Ẹni tó bá gbé ìlú yìí mọ ilẹ̀ àpáàdì, èyí tí àwọn baba wa fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́, tí òjò sì máa ń hú jáde ní àgbàlá àti ní ojú ọ̀nà. Ìtàn ìlú sọ pé Ọọ̀ni Lúwoo, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ẹ kí ẹrọ̀fọ̀ má baà ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Ó ti lé ní 500 ọdún. Mo ti lóṣòó ti ọ̀kan rí fún ìgbà pípẹ́, tí àwọn ọmọdé fi rò pé owó mi ló bọ́ sílẹ̀. Wọn kò da àpáàdì náà sílẹ̀ gbáàrà. Ìhà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gúnlẹ̀, ọ̀kan ti èkejì, ìlà kan dà sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀lé e dà sósì, títí tó fi rí bí imọ̀ ọ̀pẹ, níbòmíràn ẹ̀wẹ̀ wọ́n to òkúta funfun kéékèèké sáàárín. Àpáàdì kan kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ méjì lọ lójú ilẹ̀. Ẹ fojú inú wo iye ìgbà tí ẹni tó tò ó ní láti dìde, kó fà sẹ́yìn, kó wò ó bóyá ìlà ṣì gún, kó tó tún lóṣòó. Nígbà tí mo bá ń to ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé, tí àlàfo àárín ìlà kò sì dọ́gba, ilẹ̀ yẹn ni mo máa ń rántí. Àwọn ayàwòrán tó dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, tí Moyo Okediji àti Kúnlé Filani wà lára wọn, ti fi hàn ṣáájú wa pé inú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ni a ti lè rí ohun tí à ń wá kiri. Ohun tí àwọn mú níbẹ̀ ni àwòrán àti àmì. Èmi tí mo wá lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń fà sẹ́yìn wò ó ni mo mú.

Ọmọ iṣẹ́ mi kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá, kò sì fi pamọ́ fún mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ebi kì í dúró di ọ̀la." Òótọ́ ló sọ. Mo ti pàdánù oníbàárà nítorí okùn yìí, àwọn kan fi ìbínú jáde, wọ́n sì wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn lọ. Mo máa ń sọ iye owó àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò jáde pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń gba ìdajì owó kí n tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Nípa ti ìdajì tó kù, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, ẹni tó bá mọ ìtàn Òṣómàáló mọ̀ pé kì í rẹ̀ wá tí a bá lóṣòó ti gbèsè. Sùúrù mi kò mọ sórí okùn nìkan. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti òkú tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé tán, n kì í fi dandan lé e pé kó sùn. Mo máa ń gbà á, ṣùgbọ́n mo máa ń pe ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń ṣe é pé kó ka gbogbo rẹ̀ sókè, nígbà mìíràn ìyá tó ń ta oúnjẹ yẹn náà ni. Ìyẹn ni alẹ́ àyálò.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi yìí kan náà fi hàn mí bí ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe ń yàwòrán. Ó sọ ohun tó fẹ́ fún un, kí n tó fa àga mi súnmọ́ ọn, àwòrán 4 ti wà níwájú wa, wọ́n dán, wọ́n lẹ́wà, Yorùbá tó wà lára wọn sì rí bí ìgbà tí ènìyàn da àmì ohùn láti inú igbá sórí ọ̀rọ̀. Ó ń retí pé màá bínú. Mo ní kó tẹ ọ̀kan jáde kó fi í kọ́ sórí okùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé ọwọ́ obìnrin tó wà nínú àwòrán náà ní ìka mẹ́fà.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo máa ń rìn láti Lágéré lọ sí apá Ẹ̀nuwá, mo ń wo àwọn iṣẹ́ mi tó ṣì wà níta. Kò sí ìwé tó kọ́ mi ní iṣẹ́ tó ìrìn yìí. Oòrùn kì í purọ́ fún oníṣẹ́ ọnà. Nínú íǹkì mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé, magenta, èyí tó pọ́n, àti yẹ́lò, àwọn méjì tí a ń pò di pupa, ni oòrùn máa ń kọ́kọ́ jẹ, cyan, èyí tó rí bí aró, àti dúdú a máa pẹ́ jù wọ́n lọ. Ìdí nìyẹn tí ojú gbogbo olóṣèlú orí ògiri fi ń di aláwọ̀ aró lẹ́yìn ìdìbò. Mo ti rí pátákó kan tí mo fi pupa kọ nọ́ńbà fóònù sórí rẹ̀, tí nọ́ńbà náà sì ti parẹ́ pátápátá, tí ó ku orúkọ àti àwòrán nìkan. Ọmọlúàbí oníbàárà náà kò sọ fún mi, bóyá kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í pè é mọ́. Mo wọlé lọ bá a, mo tọrọ gáfárà, mo sì bá a ṣe òmíràn tí mo fi dúdú kọ nọ́ńbà rẹ̀. Bí mo bá ti gba owó iṣẹ́ tán tí n kò sì tún gba ọ̀nà yẹn kọjá, títí dòní ni ǹ bá máa fi pupa kọ nọ́ńbà fún àwọn ènìyàn.

Ní oṣù bí i mélòó kan sẹ́yìn, akọ́bí ìdílé yẹn tún dúró sí ẹnu ọ̀nà mi. N kò tíì fojú kàn án láti ọdún náà. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Bàbá wọn náà ti lọ, ó ní ọjọ́ 12 ló kù kí wọ́n sin ín, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ tètè wá ni. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ àtijọ́. Mo fi lẹ́tà 3 tó gba àmì dáadáa hàn án, ó mú ọ̀kan, mo ṣe iṣẹ́ náà ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo fi í kọ́ sórí okùn lójú rẹ̀, mo sì sọ fún un pé màá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní òwúrọ̀.

Kò dúró de WhatsApp. Nígbà tí mo dé ní aago 7, orí bẹ́ǹṣì ìta ló wà, ó ti gbé awò ojú wọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, a jọ wọlé. Ó dúró níwájú okùn náà, ó na ìka, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan àwọn àmì orí àti àmì abẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. BÀBÁ WA TI LỌ SINMI. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ awò ojú náà, ó fi etí agbádá rẹ̀ nù ún.

"Àbúrò," ó ní, "tẹ̀ ẹ́."